A fẹ́ rí ìwé iṣẹ́ gọ́tà àdúgbò wa ní káńsù: báwo la ṣe ń béèrè?

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n wá gbẹ́ gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ títì àdúgbò wa n'Íbàdàn. Wọ́n ri pátákó mọ́lẹ̀, wọ́n da kọnkéré dé ìdajì, wọ́n sì kó irin iṣẹ́ wọn lọ. Nígbà tí òjò dé, omi tó yẹ kó bá gọ́tà lọ wá ń yà sílé àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù rán èmi àti akọ̀wé wa lọ sí káńsù (n kò ní dárúkọ rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló wà n'Íbàdàn, ẹ mú èyí tó bá wù yín). A ní a fẹ́ mọ ẹni tó gba iṣẹ́ náà, iye tí wọ́n gbé e fún un, àti iye tí wọ́n ti san. Ọ̀gá kan wò wá látòkè délẹ̀, ó ní: "Ta ló rán yín níṣẹ́? Ṣé àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú yẹn ni?" Ó ní ìwé ìjọba kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi han ẹni tó bá ṣáà ti wọlé.

Mo gbọ́ pé òfin kan wà tó fún wa lẹ́tọ̀ọ́. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ohun tí ẹ ṣe gan-an ni mo ń béèrè o, n kò béèrè bó ṣe yẹ kó rí.

Ẹ̀rín_Àrínkú
Ìwé kan ṣoṣo tí káńsù fún mi rí láìjẹ́ pé mo béèrè ni bílì owó ilé. Ìyẹn kì í pẹ́ dé.

Lọ́yà_Ìdí_Ìrókò
Ẹ kú ìnira, Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ. Òfin tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀ ni Òfin Òmìnira Ìròyìn tí gbogbo wa ń pè ní FOI. Ààrẹ Goodluck Jonathan ló fọwọ́ sí i lọ́jọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2011. "Ta ló rán yín" tí ọ̀gá yẹn ń bèèrè, abala kìíní ti pa á lẹ́nu mọ́: ẹni tó ń béèrè ìwé kò ní láti sọ ìdí tó fi ń béèrè, kò sì ní láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kan òun.

Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi ìwé lé yín lọ́wọ́, tàbí kí wọ́n kọ̀wé sí yín pé àwọn kò ní fún yín, kí wọ́n sì tọ́ka sí abala òfin tí wọ́n dì mú. Bí ìwé tí ẹ béèrè bá pọ̀ gan-an, wọ́n lè fi ọjọ́ méje mìíràn lé e. Bí wọ́n bá wá dákẹ́, òfin kà á sí pé wọ́n ti kọ̀. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra sí jù: láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti kọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní láti gba ilé ẹjọ́ gíga lọ, àfi tí adájọ́ bá fún yín láyè sí i. Àìmọye ènìyàn ló ti ń fi ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn bẹ ọ̀gá káńsù, tí ọ̀gá ń sọ pé "ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀". Nígbà tí wọ́n bá fi máa rántí lọ́yà, ilẹ̀ ti ṣú.

Nítorí náà ẹ má lọ sọ ọ́ lẹ́nu lásán mọ́. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ mú ẹ̀dà kejì dání, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ lu ẹ̀dà tiyín. Ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn ni aago yín.

Ará_Ìkòròdú
Lọ́yà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. A ti gbé lẹ́tà FOI lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kan rí. Ohun tí wọ́n kọ sí wa ni pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, pé kò de àwọn. Bí kò bá de ìpínlẹ̀, báwo ni yóò ṣe wá de káńsù?

Lọ́yà_Ìdí_Ìrókò
Òótọ́ ni pé wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní ibi tí wọ́n ti rí i mú. Lọ́dún 2018, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó wà ní Àkúrẹ́ àti èyí tó wà ní Benin sọ ọ̀rọ̀ méjì tó takora nínú oṣù kan náà. Ti Àkúrẹ́ ní òfin náà de ìpínlẹ̀. Akọ̀ròyìn kan ló ń béèrè ìwé àyẹ̀wò owó ìjọba Oǹdó. Ti Benin ní kò dè wọ́n. Láti ìgbà yẹn, ìdájọ́ Benin ni ìpínlẹ̀ tí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀ máa ń gbé jáde.

Ó ti parí báyìí. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá ẹjọ́ Benin yẹn nù. Àwọn tó pè é ń béèrè bí àjọ tó ń rí sí àrùn kògbóògùn ní Ìpínlẹ̀ Edo ṣe ná owó tó gbà. Ilé ẹjọ́ ní òfin FOI de gbogbo ìjọba jákèjádò orílẹ̀-èdè: ti àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀, ti ìbílẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ ìdájọ́ yẹn sínú lẹ́tà yín. Àwọn òṣìṣẹ́ kan kò tíì gbọ́. Àwọn mìíràn gbọ́, wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Èkìtì ní tiwọn, wọ́n ti ṣe òfin FOI tiwọn láti oṣù Keje ọdún 2011, nígbà Gómìnà Fayemi.

Akọ̀wé_Fẹ̀yìntì
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ̀ka ìṣúra ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìntì. Lọ́yà ti sọ ti òfin. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti fáìlì.

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó ń wọ káńsù, ìbéèrè ló kún inú rẹ̀. "Kí ló dé tí iṣẹ́ dúró?" "Ṣé ó yẹ kí wọ́n ṣe wá báyìí?" Bí ẹ bá béèrè kí ló dé, ẹnìkan yóò kọ ọ́ sí yín pé òjò ni, ó sì ti dá yín lóhùn nìyẹn. Ìwé ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì fi orúkọ tí òṣìṣẹ́ ń pè é béèrè rẹ̀. Iṣẹ́ kì í dédé kúrò ní káńsù. Ìlà kan wà nínú ìṣúná ọdún náà tí owó ti jáde. Ìgbìmọ̀ ìnáwó, F&GPC bí a ti ń pè é, jókòó, wọ́n sì kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Lẹ́tà kan wà tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe. BOQ wà, níbi tí wọ́n ti ka gígùn gọ́tà, ìjìnlẹ̀ rẹ̀, iye irin àti síìmẹ́ǹtì, pẹ̀lú owó ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé ẹ̀rí wà tí ẹnjiníà fọwọ́ sí pé iṣẹ́ ti dé ibi báyìí. Lẹ́yìn ìyẹn ni fáúṣà tí wọ́n fi san owó.

Bí ẹ kò bá lè rí gbogbo rẹ̀, ẹ du BOQ, ìwé ẹ̀rí ẹnjiníà àti fáúṣà. Ìlànà ìnáwó kò gbà kí fáúṣà iṣẹ́ jáde láìsí ìwé ẹ̀rí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ mú téèpù, ẹ wọn gọ́tà yín, ẹ gbé e ka BOQ. Bí gọ́tà bá dúró ní ìdajì tí ìwé ẹ̀rí sì sọ pé ó ti parí, ẹ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún yín mọ́.

Nǹkan mìíràn: kì í ṣe káńsù nìkan ni ẹ̀dà wà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní Olùyẹ̀wò Owó Àgbà fún Ìjọba Ìbílẹ̀, èyí yàtọ̀ sí ti ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, ẹ wá wọn lọ sí Sẹkitéríàtì ní Agodi. Ìwé àyẹ̀wò ọdọọdún káńsù yín wà lọ́wọ́ wọn. Kò sí fáúṣà gọ́tà yín níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ bí owó bá jáde láìsí ìwé tó yẹ. Ẹ kọ lẹ́tà síbẹ̀ náà lọ́jọ́ kan náà. Tí ọ́fíìsì kan bá mọ̀ pé èkejì lè dáhùn, ara rẹ̀ kì í balẹ̀ láti purọ́.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ
Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni. N kò gbọ́ orúkọ BOQ rí ju ẹnu bíríkìlà lọ. Ọ̀rọ̀ kan tó ń dà mí láàmú: a ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé káńsù kò rí owó, pé ìpínlẹ̀ ló ń dì í mú. Ṣé wọn kò ní fi ìyẹn lé wa padà?

Akọ̀wé_Fẹ̀yìntì
Wọ́n lè sọ ọ́. Òfin ilẹ̀ wa abala 162 ló dá àpò àjọní ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀, ohun tí ojú wa rí nídìí àpò yẹn kò kéré. Lọ́jọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní kí wọ́n máa san owó káńsù fún káńsù tààrà. Títẹ̀lé e ni ìjà kù sí. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n pín fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú 774 kì í ṣe àṣírí, ìjọba àpapọ̀ ń gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò ó kí ẹ tó lọ. Owó tó wọlé nìyẹn o, ibi tó gbà jáde lẹ ń wá.

Ọmọ_Kánsẹ́lọ̀
Ẹ̀yin àgbà, ẹ máà bínú. Ilé kánsẹ́lọ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi, mo mọ bí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣe ń lọ. Lẹ́tà òfin máa ń mú kí ènìyàn le ojú. Ẹ lọ bá kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín nílé lọ́jọ́ Àìkú, ẹ bá a sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́. Ẹ ó rí i pé ìwé tí ẹ ń wá lè ti wà lórí fóònù rẹ̀. Tí ẹ bá kọ FOI ṣáájú, wọn yóò sọ yín di ọ̀tá, ọdún mẹ́ta ni àdúgbò yín kò ní rí títì.

Akọ̀wé_Fẹ̀yìntì
Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ rẹ ní ọgbọ́n nínú, mo sì mọ ìdílé tí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Kí wọ́n lọ kí kánsẹ́lọ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n kí lẹ́tà ti wọlé kí wọ́n tó lọ kí i. Ohun tí kánsẹ́lọ̀ fi hàn wọ́n lórí fóònù rẹ̀, bí ó bá yá yóò ní òun kò fi han ẹnikẹ́ni.

Kí ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ tó kọ̀ ló ń jalè. Àwa tí a wọṣẹ́ láyé àtijọ́, ìwé ìbúra àṣírí ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún wa fọwọ́ sí. Ẹ̀rù ń ba kékeré òṣìṣẹ́ pé wọn yóò lé òun. Abala 27 òfin FOI dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó bá fi ọkàn rere fún ará ìlú ní ìwé. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ẹnìkan ní rẹ́jísírì lè kà á kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Peckham
Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti London. Orí íméèlì ni àwa ti ń ṣe é níbí. Ọdún 2000 ni wọ́n ṣe òfin tiwọn, ọdún 2005 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ogún ọjọ́ iṣẹ́ ni káńsù sì ní. Àwọn kan dá ojú òpó WhatDoTheyKnow sílẹ̀: ibẹ̀ lo ti ń kọ ìbéèrè, ibẹ̀ náà ni ìdáhùn ń bọ́ sí, tí gbogbo ayé ń kà á.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé oyin ni. Mo béèrè gbogbo owó tí káńsù wa ná sórí lífìtì àwọn ilé alájà gíga wọn. Wọ́n ní yóò ju wákàtí 18 lọ láti wá a, pé òfin gba àwọn láyè láti kọ̀. Òótọ́ sì ni: £450 ni òfin fi ṣe gbèdéke fún káńsù, wọ́n sì ń ka wákàtí kan sí £25. Mo dín in kù sí ilé tiwa nìkan, ọdún kan péré, ìwé dé. Bàbá tó ní kí ẹ dárúkọ ìwé, òun ló sọ ọ́ re.

Ohun tí mo tún fẹ́ràn níbí: lọ́dọọdún, ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́ wà tí káńsù gbọ́dọ̀ ṣí ìwé ìnáwó rẹ̀ sílẹ̀ fún ará àdúgbò láti wá wò. Òfin ọdún 2014 ni. Lẹ́tà FOI kò sí nínú rẹ̀ rárá. O kàn ní kí wọ́n gbé ìwé owó wá, o sì jókòó tì í. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ kò tó nǹkan, káńsù náà kì í sì fi agogo kéde rẹ̀.

Bàbá_Jọkẹ́_Chicago
Ní Illinois, ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ni, wọ́n sì lè fi márùn-ún kún un. Ojú ewé 50 àkọ́kọ́ tó bá jẹ́ dúdú àti funfun, ọ̀fẹ́ ni. Bí wọ́n bá kọ̀, ọ́fíìsì kan wà lábẹ́ agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ tí o lè fi ẹjọ́ sùn láìsan kọ́bọ̀, kí o tó ronú kan lọ́yà. Ìyẹn ni Nàìjíríà kò ní, ó sì dùn mí.

Fún ẹni tó bá rò pé ìwé lásán ni gbogbo èyí: lóṣù Kẹwàá ọdún 2014, ọlọ́pàá kan níbí yìnbọn pa ọmọkùnrin ẹni ọdún 17 kan, Laquan McDonald. Àwọn ọlọ́pàá ní ọ̀bẹ ló gbé sí àwọn. Fídíò wà lọ́wọ́ ìlú, ìlú kò gbé e jáde, wọ́n kọ̀ fún àwọn akọ̀ròyìn tó béèrè. Ọ̀kan nínú wọn, Brandon Smith, tí kò tilẹ̀ sí lábẹ́ iléeṣẹ́ ìròyìn kankan, gbé wọn lọ sí kóòtù lábẹ́ òfin FOI ìpínlẹ̀, adájọ́ sì pàṣẹ. Fídíò jáde lọ́jọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2015: ọmọ náà ń rìn lọ ni. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kan ọlọ́pàá náà. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú kúrò nípò.

Ẹ̀rín_Àrínkú
Ẹ̀yin ará òkè òkun ti dé pẹ̀lú ojú ewé 50 ọ̀fẹ́. Níbí, àwa la máa gbé bébà lọ, kí wọ́n tó ní kò sí iná.

Lọ́yà_Ìdí_Ìrókò
Ẹ̀rín, má fi ẹ̀fẹ̀ ba iṣẹ́ jẹ́ fún wa. Àwọn tó kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀ ní kí n fi lẹ́tà hàn. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ fún àdúgbò Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ nìyí, ẹ yí i sí bó ṣe bá yín mu:

"Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀. Lábẹ́ Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011, tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2025 pé ó de ìjọba ìbílẹ̀, a ń béèrè ẹ̀dà àwọn ìwé wọ̀nyí lórí iṣẹ́ gọ́tà tó wà ní òpópónà wa: lẹ́tà tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ náà jáde, BOQ, gbogbo ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tí ẹnjiníà fọwọ́ sí, àti gbogbo fáúṣà tí wọ́n ti fi san owó, láti oṣù tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ títí di òní. Bí ẹ bá rí apá kan tí òfin ní kí ẹ má fi hàn, ẹ yọ apá yẹn, kí ẹ fún wa ní ìyókù gẹ́gẹ́ bí abala 18 ti wí. A ti múra láti san owó ẹ̀dà. A ń retí èsì láàárín ọjọ́ méje."

Ó tó. Ẹ má kọ ìtàn sínú rẹ̀, ẹ má halẹ̀. Kí orúkọ ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù wà lókè, kí ọ̀pọ̀ yín fọwọ́ sí i, kó má jẹ́ ẹnìkan ni wọn yóò máa wò níran.

Wọ́n lè ní àṣírí agbaṣẹ́ṣe ni. Abala 15 dáàbò bo àṣírí òwò tí ìtújáde rẹ̀ lè pa oníṣòwò lára, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n abala 2 ti sọ ọ́ pé ìwé owó tó wọlé àti owó tó jáde, àti ìwé nípa iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún iléeṣẹ́ aládàáni, káńsù fúnra rẹ̀ ló yẹ kó máa gbé wọn jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè. Tí ọ̀rọ̀ bá sì dé kóòtù, káńsù ni yóò fi hàn pé òun ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin.

Adùkẹ́_Aṣọ
Ẹ jọ̀ọ́, lọ́yà, màmá mi ń tajà ní ọjà kan tí káńsù ń gba owó lójoojúmọ́ níbẹ̀. Wọn kò kàwé. Ṣé kò sí ẹ̀tọ́ fún irú wọn?

Lọ́yà_Ìdí_Ìrókò
Ó wà, ẹ sì ṣeun tí ẹ béèrè. Abala 3 ní ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn. Màmá sì lè lọ sọ ọ́ lẹ́nu, ní Yorùbá wọn; òṣìṣẹ́ tó bá wà níbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fún wọn ní ẹ̀dà ohun tó kọ. N kò tíì rí káńsù tó ń fi tinútinú ṣe é. Ẹ bá wọn lọ.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ
Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti gbé lẹ́tà lọ. Rẹ́jísírì kọ́kọ́ ní àwọn kò lè gbà á àfi tí alága bá fọwọ́ sí i, alága sì wà ní ìrìnàjò. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan wá ní ká san "owó ìwádìí". A kò bá a jà. A gba ọ́fíìsì ẹ̀rù àfiránṣẹ́ lọ, a fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan náà, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé àwọn gbà á. Ṣé ìyẹn tó?

Lọ́yà_Ìdí_Ìrókò
Ó tó dáadáa. Ìwé ìfọwọ́sí yẹn, ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ìwé ilẹ̀. "Owó ìwádìí" kò sí nínú òfin o. Abala 8 fàyè gba owó ẹ̀dà àti owó dída ọ̀rọ̀ kọ sórí ìwé nìkan. Ẹ má san án, ẹ má sì sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ mọ́.

Ará_Ìkòròdú
Tí wọ́n bá wá lọ dáná sun fáìlì ńkọ́? Ilé yìí la ṣe ń gbé.

Lọ́yà_Ìdí_Ìrókò
Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwé jẹ́ tàbí tó bá yí ohun tó wà nínú rẹ̀ padà, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ló kéré jù fún un, abala 10. Ẹni tó kàn kọ̀ láìtọ́, ₦500,000 ni owó ìtanràn bí ilé ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi. Kí n má parọ́ fún yín, n kò rí ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n yẹn rí. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí ẹ kọ lẹ́tà sí Agodi náà nìyẹn.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ
Èsì dé! Ojú ewé kan. Wọ́n ní iṣẹ́ gọ́tà náà "kò sí nínú àkọsílẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ yìí", pé kì í ṣe àwọn ló gbé e jáde. Ó parí síbẹ̀. Ṣé irọ́ ni?

Akọ̀wé_Fẹ̀yìntì
Ó lè jẹ́ òótọ́ o. Kí ni wọ́n kọ sí ara pátákó yẹn?

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ
Pátákó ti wó, alágbàdo tó wà ní ìkóríta ti fi í ṣe ibòji. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ kó yí i padà fún mi. Orúkọ aṣòfin wa ló fẹ̀ jù níbẹ̀, àwòrán rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Lábẹ́ pátápátá ni wọ́n kọ orúkọ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan sí, kékeré báyìí.

Akọ̀wé_Fẹ̀yìntì
Àbí ẹ rí i. Iṣẹ́ àkànṣe aṣòfin ni, inú ìṣúná ìjọba àpapọ̀ ló ti wá. Aṣòfin ló máa ń sọ ibi tí iṣẹ́ yóò lọ, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kéré yẹn ló gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, òun ló sì ń sanwó. BOQ àti fáúṣà yín wà lọ́wọ́ wọn. Káńsù kò mọ̀ ju bí ẹ ṣe mọ̀ lọ, wọ́n kàn ń jẹ èébú lórí rẹ̀ ni.

Lọ́yà_Ìdí_Ìrókò
Bí káńsù bá mọ iléeṣẹ́ tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, abala 5 fún un láyè láti darí lẹ́tà yín síbẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kó má kọjá méje, kó sì sọ fún yín. Wọn kò ṣe é. Ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí wọn. Lẹ́tà kan náà, ẹ yí orúkọ òkè padà, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ yẹn ní Àbújá. Ti ìjọba àpapọ̀ tilẹ̀ rọrùn díẹ̀: òfin tiwọn fúnra wọn ni.

Ará_Ìkòròdú
Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ lọ sórí ojú òpó Budget Office, ẹ wa ìwé ìṣúná ọdún yẹn jáde, kí ẹ wá orúkọ àdúgbò yín nínú rẹ̀. Nọ́ńbà wà lára ìlà iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sínú lẹ́tà, wọn kò ní lè sọ pé àwọn kò mọ iṣẹ́ tí ẹ ń sọ. Ẹ tún gbé fọ́tò gọ́tà náà sórí Tracka ti BudgIT, iṣẹ́ aṣòfin ni wọ́n ń tọ̀ lẹ́yìn. ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, náà ń tọ irú iṣẹ́ yìí lẹ́yìn láti ọdún 2019.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ
Mo ti rí i! Orúkọ àdúgbò wa wà nínú ìṣúná, iye owó wà níwájú rẹ̀. Iléeṣẹ́ tí wọ́n kó o sábẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti gọ́tà kò tan rárá. Gígùn tí wọ́n kọ ju títì wa lọ. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ń tẹ lẹ́tà lọ́wọ́, alágbàdo náà ní òun yóò fọwọ́ sí i.

Ọmọ_Kánsẹ́lọ̀
Ẹ wá rí i pé kánsẹ́lọ̀ kò jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ̀rín_Àrínkú
Nínú èyí ni.

Adùkẹ́_Aṣọ
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tú ká. Owó ọjà màmá mi ńkọ́? Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń já fún wọn. Ìwé wo ni ká dárúkọ?

Akọ̀wé_Fẹ̀yìntì
Ọjà, iṣẹ́ káńsù ni lábẹ́ òfin ilẹ̀ wa, ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé kì í ṣe tàwọn. Ẹ béèrè òfin káńsù tó sọ iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà lójúmọ́. Àkọsílẹ̀ iye ìwé tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó fún agbowó, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí sí. Àti ìwé tí wọ́n fi san owó ọjà náà sí báǹkì. Bí wọ́n bá ti gbé ọjà náà fún aládàáni láti máa gba owó, ẹ béèrè ìwé àdéhùn. Oṣù mẹ́ta péré ni kí ẹ kọ. Kí màmá máa tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn láti òní lọ, nọ́ńbà wà lára rẹ̀.